Ààrò Mẹ́ta Kì í Dọbẹ̀ Nù: Ẹ̀rọ, Ètò Iṣẹ́ àti Ìwà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ọ̀jọ́

Mo rí àwọn tó ti Ìbàdàn wá, mo rí àwọn tó ti ìlú òyìnbó wá. Àwọn tó ti Ìbà àti Okokomaiko wá náà rìn, nítorí ẹni tó bá mọ títì Badagry mọ̀ pé ìrìn-àjò ni, bó ti wù kó súnmọ́ tó.

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe lè mú iṣẹ́ àti òwò wa tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àsìkò, nítorí pé kí a tó túká lónìí, a ó dìbò lórí bóyá kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú àpò ra kọ̀ǹpútà, kí a sì gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó ẹgbẹ́, àti owó ìrànlọ́wọ́ tí a ń san fún àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé wa báyìí sórí rẹ̀. Owó tí a fẹ́ ná yìí, bí a bá ṣì í ná, owó ìwé ọmọ ẹnì kan ló máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan yín yín lójú.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Lójú tèmi, iṣẹ́ èyíkéyìí, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Alaba tàbí báńkì ńlá ní Marina, orí ààrò mẹ́ta ló jókòó sí. Èkíní ni ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é. Èkejì ni ètò iṣẹ́: ta ló ń ṣe kí ni, kí ló ń ṣáájú, kí ló tẹ̀lé e, ta ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta ni ìwà tó ti mọ́ wọn lára níbi iṣẹ́ náà: bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọọṣẹ́ sọ̀rọ̀, àti bóyá èèyàn lè sọ òtítọ́ níbẹ̀ kó má fojú winá. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun tí kò tún méjì yòókù ṣe, ó gbé ìkòkò ka orí ààrò kan ṣoṣo. Gbogbo wa mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọbẹ̀ ọ̀hún.

NÍGBÀ TÍ FỌ́Ọ̀MÙ BÁ WỌ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Mo ti fi ohun tó lé ní ogún ọdún ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ra bébà ìtẹ̀wé lásán, èèyàn méje ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀. Fáìlì á sùn sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní ọ̀gá ò sí lórí síìtì. Àwọn aláṣẹ wá ní àwọn fẹ́ di ará ìgbàlódé. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wá, wọ́n ná owó gidi. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kí la rí? Èèyàn méje náà ṣì ni. Fáìlì tó ń sùn sórí tábìlì tẹ́lẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ló wá ń sùn sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láyé àtijọ́, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn kiri wá fáìlì yín. Ní báyìí, ẹ ò tiẹ̀ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó há sí.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń kẹ́rù sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá yìí mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ẹ̀rọ náà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó ń tẹ ohun tí wọ́n ní kó tẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní ìwé ńlá kan lábẹ́ tábìlì tó ń kọ òótọ́ sí. Ọjọ́ tí àwọn ọ́dítọ̀ dé, ìwé abẹ́ tábìlì yẹn ló gba gbogbo wọn là. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀bi ta ni? Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá yẹn rárá. Òun ló mọ iṣẹ́, òun náà sì ni wọn kò bi.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é àti ohun tó ń dà á láàmú. Ìgbésẹ̀ tí kò bá wúlò, ẹ yọ ọ́ kúrò nígbà tó ṣì wà lórí bébà. Igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú, bí ẹ bá da epo sí i, kò ní torí ẹ̀ tọ́. Yóò kàn máa jó kíákíá ni.

EJÒ TÓ GBÉ OWÓ MÌ

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ tí gbogbo yín mọ̀, pàápàá ẹ̀yin tíṣà wa. Ọdún 1978 ni ìjọba dá àjọ JAMB sílẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn kan. Nígbà tó di 2015, gbogbo ọmọ pátá ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ẹ̀rọ tuntun ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Káàdì tí à ń fi kọ́bọ̀ ha ni wọ́n ṣì ń tà káàkiri àwọn ọ́fíìsì wọn ní ìpínlẹ̀. Owó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé owó tó bá gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ó máa ń rù.

Ní 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede di ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Wọ́n pa káàdì náà tì, wọ́n sì ṣe é kó jẹ́ pé nọ́ńbà ni ọmọ máa rà, tí owó á lọ tààrà sí ibi tó yẹ kó lọ. Ní 2017, JAMB san owó tó ju bílíọ̀nù 5 náírà lọ sí àpò ìjọba àpapọ̀. Ohun tí ìjọba sì sọ nígbà náà ni pé gbogbo èyí tí àjọ náà ti ń san bọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 náírà lọ. Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n.

Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ wá ń lọ káàkiri láti gba ìṣirò owó káàdì àtijọ́, ìròyìn jáde láti Makurdi ní February 2018 pé òṣìṣẹ́ kan ní ejò ló gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Gbogbo Nàìjíríà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò fún ọdún bíi mélòó kan kí a tó gbọ́ ìtàn ejò. Ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń dáhùn ìbéèrè kò ní ojú tó fi lè rí inú àpótí owó. Bí owó ṣe ń rìn ló fàyè gba ejò, àfi ìgbà tí wọ́n yí ọ̀nà owó padà ni ibùba ejò tó pa rẹ́.

ẸNI TÓ JẸ́WỌ́ ÀTI ẸNI TÓ SẸ́

JAMB kan náà tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní 2025, èyí sì kan ilẹ̀kùn wa gan-an. Ní oṣù May ọdún náà, èsì ìdánwò jáde, igbe sì ta. Wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan tó yẹ kó wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò ni kò wọ ibẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí èsì fi jáde. Ọmọ 379,997 lọ̀rọ̀ kàn. Nínú wọn, 206,610 wà ní ibùdó ìdánwò 65 ní Èkó níbí. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ àdúgbò yín, àwọn ni.

Ètò ló kùnà níbẹ̀; kò sí ẹnì kejì tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di pé èsì dé ọwọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní May 14, ọ̀gá àgbà náà jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àwọn ló jẹ̀bi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti May 16 ni wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ náà padà láti tún ìdánwò ṣe. Ó dun àwọn òbí, ó dun àwọn ọmọ, kò sì sí ẹkún tó lè dá oorun tí wọ́n pàdánù padà. Síbẹ̀, nítorí pé ẹnì kan jẹ́wọ́ kíá, àtúnṣe tètè dé.

Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará wa tó wà ní London mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti 1999 ni ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, Post Office, ti ń gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, èyí tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, wọ inú àwọn ẹ̀ka wọn. Kọ̀ǹpútà yìí á ní owó dín nígbà tí owó ò dín. Àwọn tó ń mójú tó ẹ̀ka wọ̀nyẹn ké títí ohùn há. Wọ́n ní kí wọ́n lọ fi owó ara wọn dí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sọ fún pé àwọn nìkan ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín 1999 sí 2015, èèyàn tó ju 900 lọ ni kóòtù dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan pàdánù ilé, àwọn kan sì kú kí òtítọ́ tó jáde. Ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ gíga tó sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ náà ní àléébù, ó sì di May 2024 kí ilé aṣòfin wọn tó ṣòfin tó wẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n!

Ẹ̀rọ ò wọ́n wọn. Fọ́ọ̀mù wà, òfin wà, lọ́yà wà. Ohun tó wọ́n wọn ni ọ̀gá tó lè fetí sí ẹni kékeré tó ní, "Ẹ dákun sà, ẹ̀rọ yìí ló ń purọ́." Ààrò kẹta ló yẹ̀, ọbẹ̀ sì dà sára aláìṣẹ̀.

ṢÉ ÀWA LÈ YÍ PADÀ?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú. Wọ́n á ní, "Ará Nàìjíríà ni wá jàre, bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Mi ò gbà. Ẹ rántí bí a ṣe ń wọ mólùé: ẹ̀ṣẹ́ ni, ìgbọ̀nwọ́ ni, ẹni tó bá lágbára ló ń jókòó. Ní March 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì ńlá nìkan ni LAMATA gbé wá o. Wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n ní kí èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé. Wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ níṣẹ́. Wọ́n jókòó bá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW sọ̀rọ̀, títí àwọn yẹn fi dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti máa wa bọ́ọ̀sì náà, dípò kí wọ́n máa bá a jà. Ará Èkó tí wọ́n ní kò lè tò sórí ìlà, ó tò. Ó tò nítorí pé ó rí i pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì ò bá wá lásìkò, ìlà á tú, ìgbọ̀nwọ́ á tún padà. Ìwà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ètò tó ṣeé gbọ́kàn lé ló ń tọ́ ọ dàgbà.

Rélùwéè Blue Line náà rí bẹ́ẹ̀. September 4, 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13. Ìpín kejì rẹ̀ ló wà fún àwa ará Okokomaiko. Kò sẹ́ni tó ń fi owó bébà wọ ọkọ̀ yìí, káàdì Cowry ni. Ẹ fi wé danfó, níbi tí kọ́ńdọ́kítọ̀ á ti so èèyàn méjì pọ̀ nítorí ṣéńjì, tí ẹ̀yin méjèèjì á wá máa wá ẹni tó ní owó wẹ́wẹ́ kiri ibùdókọ̀. Ká ní wọ́n gbé ẹ̀rọ káàdì sínú danfó kan, tí ọ̀nà owó níbẹ̀ ò sì yí padà, gbọ́nmi-si-omi-ò-to ojoojúmọ́ yẹn kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Alaba, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Alert irọ́ ti ba òwò ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Oníbàárà á fi fóònù hàn yín pé òun ti san owó, ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n á gun ọkọ̀, owó ò ní wọlé. Ètò tó lè dá a dúró kò le: ọjà kì í jáde àfi bí ẹni tó ń mójú tó àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù bá rí owó náà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ló wá dé tí ètò yìí kì í dúró? Nítorí pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń bẹ̀rù. Bó bá ní kí oníbàárà ńlá ṣe sùúrù díẹ̀, oníbàárà á bínú, ọ̀gá á gbá ọmọ náà létí pé ó lé ajé lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ariwo yín gan-an ni ihò tí olè ń gbà wọlé. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn lójú oníbàárà pé, "O ṣeun tó o dúró." Lọ́jọ́ náà lẹ máa rí i pé ètò yín á fìdí múlẹ̀.

OHUN TÍ A MỌ̀ LÁTI BÁRÉKÈ

Àwa tí a dàgbà sí Ọ̀jọ́ Cantonment, a kò ní láti lọ jìnnà kọ́ èyí. Ẹ rántí àwọn sójà tó ń ṣọ́ géètì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ara wọn, ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ kì í kàn jókòó. Á ka ohun tó wà nílẹ̀, á wo ìwé, á buwọ́ lù ú, ẹni tó ń lọ ò sì gbọdọ̀ lọ kí ìyẹn tó tán. Bébà àti bírò lásán ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè ní òun ò mọ ohun tó sọnù. Àwọn òbí wa ní ètò àti ìwà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ wá bi ara yín: nígbà tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ yìí bá yí padà, kí ni a máa ń kà fún ara wa? Ìwé wo la máa ń buwọ́ lù?

ÌMỌ̀RÀN MI FÚN ẸGBẸ́

Mi ò sọ pé ká má ra kọ̀ǹpútà o. Mo ní kí owó ẹ̀ jáde kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá ti ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ̀ẹ̀kíní, kí a kọ ọ́ sórí bébà kan ṣoṣo bí owó ṣe ń rìn, láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ dé ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé tí a ń ràn lọ́wọ́. Bí bébà kan ò bá gbà á, ọ̀nà náà ti gùn jù. Kí ẹni tó kọ ọ́ bi akápò, kí ó sì bi àwọn tíṣà tó ń bá wa yan àwọn ọmọ náà.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹni tó ń gba owó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán akápò wa; ó ń dáàbò bo òun náà ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ kúrò, kí wọ́n kó iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ bíi ti sójà orí géètì: kà á, wò ó, buwọ́ lù ú.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kí a sọ ọ́ di òfin pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rí àṣìṣe nínú ìṣirò, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìpàdé, ìbáà ṣe àbúrò tó kéré jù lọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn àbúrò wa mọ kọ̀ǹpútà, àwa àgbà mọ ibi tí owó máa ń gbà ṣọnù. Ẹ jẹ́ ká lo méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kí a fi orúkọ àti owó ọmọ kíláàsì kan péré dánra wò fún oṣù mẹ́ta, kí ìwé àtijọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ká fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Bí wọn ò bá bára mu, kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò, ká tó fura sí èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ tiyín, ẹ mú un lọ sílé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ wọlé, ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín nípa ohun tí iṣẹ́ wọn máa dà. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ fẹ́ gba oúnjẹ ẹnu òun kò ní fi ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ hàn yín. Ṣe lá máa kọ òótọ́ sínú ìwé abẹ́ tábìlì.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kò ní kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ ń kọ́ wa. Rẹ́jísítà lẹ ní, ẹ sì ń pe orúkọ wa láràárọ̀. Bí ẹnì kan ò bá dáhùn, ẹ máa ń béèrè ibi tó wà. Ohun tí mo wí látàárọ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí àkọsílẹ̀ wà, kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí kò dáhùn sì jẹ́ ẹni tí a ó bi léèrè. Ẹ̀rọ tó bá bá wa lórí èyí, á gbé wa ga.